Ohun tí àìsàn ẹ̀jẹ̀ Tanímọ̀la kọ́ mi

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ajá nílé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa ká ètè wọn sókè lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan kẹ́ ẹ wo èrìgì wọn. Ajá tára ẹ̀ le, èrìgì ẹ̀ máa ń pupa fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́, tẹ́ ẹ bá fi ìka tẹ̀ ẹ́ ibẹ̀ á funfun, kẹ́ ẹ tó ka ení èjì ó ti pupa padà. Tó bá jẹ́ ajá tí èrìgì ẹ̀ dúdú látọjọ́ tí wọ́n ti bí i, ẹ fa ìpéǹpéjú ẹ̀ ti ìsàlẹ̀ wálẹ̀, ẹ wo inú ẹ̀. Kò gba owó, kò gba dókítà, òun ló sì jẹ́ kí Tanímọ̀la ṣì wà láàyè lónìí.

Abo ajá ni Tanímọ̀la, ìyá ẹ̀ Àlísésíàn, bàbá ẹ̀ ajá ilé lásán, ọmọ ọdún márùn-ún ni nígbà tí nǹkan yìí ṣẹlẹ̀. Ajá tó máa ń dé géètì kí ọkọ mi tó tẹ hóònù, ó wá di pé á kàn gbórí sókè wò wá, á tún gbé e lé ilẹ̀ padà. Ẹsẹ̀ ò gbé e mọ́, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ nígbà tí kò sáré kankan, tó o bá fọwọ́ kan ìhà ẹ̀ wàá gbọ́ bí àyà ẹ̀ ṣe ń lù kìkìkì. Èrìgì ẹ̀ funfun báláú, ìtọ̀ ẹ̀ ń jáde láwọ̀ sóbò, funfun ojú ẹ̀ sì ti ń yí sí yẹ́lò. Bàbá onílé wa wò ó, wọ́n ní, "Ìyá Tóbi, pọ́njú-pọ́ntọ̀ lèyí o." Ẹlòmíì ní rárá, wọ́n ti fún un ní májèlé jẹ ni, ká yáa rọ epo pupa sí i lẹ́nu. Mo ní ẹ má bínú, ẹnì kankan ò ní rọ epo sí i lẹ́nu, torí ajá tí ò lè mí dáadáa, epo yẹn lè gba inú ẹ̀dọ̀fóró lọ, wàhálà á wá di méjì. A gbé e sẹ́yìn mọ́tò, ó di ọ̀dọ̀ dókítà.

Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ni PCV. Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ sínú ọ̀pá gíláàsì tín-ín-rín kan, wọ́n yí i nínú ẹ̀rọ, ẹ̀jẹ̀ pupa á wálẹ̀, omi ara á dúró lókè, wọ́n á wá wò ó pé nínú ọgọ́rùn-ún, mélòó ló jẹ́ sẹ́ẹ̀lì pupa. Ajá tára ẹ̀ dá máa ń wà láàárín 37 sí 55. Ti Tanímọ̀la jẹ́ 14. Omi tó lé sókè yẹn gan-an ò funfun, ó ti pọ́n, dókítà fi hàn mí, ó ní, "Mà, ẹ wò ó, ẹ̀jẹ̀ ò dà sílẹ̀ níbì kankan, inú ara ló ti ń fọ́."

Ibi tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ dúró bá mi dáadáa rèé, torí pé bí èèyàn ò bá lóye ẹ̀, gbogbo ìtọ́jú tó kù kò ní yé e. Ẹ̀jẹ̀ lè kúrú lára ajá lọ́nà mẹ́ta: kó dà nù, kí ara má lè ṣe òmíì, tàbí kí wọ́n máa fọ́ ọ. Ti Tanímọ̀la, ìkẹta ni. Àwọn ọmọ ogun ara tó yẹ kí wọ́n máa bá kòkòrò jà, wọ́n ti fi àmì sára sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ ara wọn, wọ́n sì ń pa á run, àwọn kan nínú spleen, ẹ̀yà ara kan nínú ikùn tó ń sẹ́ ẹ̀jẹ̀, àti nínú ẹ̀dọ̀, àwọn kan nínú iṣan ẹ̀jẹ̀ gan-an, ìyẹn ló ń mú ìtọ̀ yí àwọ̀. IMHA (immune-mediated haemolytic anaemia) làwọn dókítà ń pè é.

Nígbà tí ìròyìn dé àdúgbò pé ẹ̀jẹ̀ Tanímọ̀la ò tó, ẹ wá wo ìfẹ́. Ìyá Ìbejì gún ewé ugu, wọ́n fún omi ẹ̀ wá nínú ìgò, ẹlòmíì gbé mọ́ọ̀tì àti mílíìkì wá, àbúrò ọkọ mi lọ ra bílọ́ọ̀dù tóníìkì ní kẹ́mísìtì. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo wọn, mi ò sì fún ajá náà ní ìkankan. Iron tó wà nínú sẹ́ẹ̀lì tó fọ́ yẹn, ara ṣì ní i lọ́wọ́, ó ń kó èyí tó pọ̀ nínú ẹ̀ padà lò ni, kò ṣaláìní i. Mùdùnmúdùn inú eegun ń ṣe ẹ̀jẹ̀ tuntun, ó kàn nílò bí ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún kí iṣẹ́ ẹ̀ tó máa hàn síta, àmọ́ bó ṣe ń ṣe é ni wọ́n ń pa á. Gbogbo tóníìkì tó wà ní Dùgbẹ̀ kò lè dá ìparun yẹn dúró. Ohun tó ń pa á ni kẹ́ ẹ bá jà. Mo ń tún un sọ torí mo mọ àwọn tí wọ́n fi ọ̀sẹ̀ kan odindi fún ajá ní tóníìkì, wọ́n rò pé àwọn ń tọ́jú ẹ̀, ajá náà kú.

Báwo ni wọ́n ṣe mọ̀ pé ara ẹ̀ ló ń bá ara ẹ̀ jà? Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ sórí gíláàsì, wọ́n kùn ún láró, wọ́n gbé e sábẹ́ máíkírósíkóòpù. Sẹ́ẹ̀lì pupa ti ajá máa ń ní ojú mímọ́ láàárín, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ti Tanímọ̀la ti kéré, ó ti rí róbótó, àárín ẹ̀ ò mọ́ mọ́, torí pé wọ́n ti gé lára ẹ̀ jẹ. Lẹ́yìn náà wọ́n kán ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ pọ̀ mọ́ omi saline, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe dírípù yẹn, ó ṣù pọ̀ wóróko wóróko lójú wa báyìí. Wọ́n tún wò ó lábẹ́ máíkírósíkóòpù, wọ́n fọ sẹ́ẹ̀lì náà, ó ṣì tún ṣù, ìgbà yẹn ni dókítà tó gbà pé òótọ́ ni, torí pé nígbà míì àwọn sẹ́ẹ̀lì lè kàn tò sẹ́yìn ara wọn lásán, ìyẹn kì í ṣe nǹkan kan náà. Tẹ́ẹ̀sì míì wà tí wọ́n ń pè ní Coombs, òun ló ń wá àmì tí ọmọ ogun ara fi sára sẹ́ẹ̀lì pupa. Ọ̀gbẹ́ni Robin Coombs, òun àti Mourant àti Race, ló gbé e jáde ní 1945 ní Cambridge, àwọn hòsìpítù èèyàn káàkiri ayé sì ń lò ó títí di òní fún àwọn ọmọ tí ẹ̀jẹ̀ wọn àti ti ìyá wọn ò bára mu. Iṣẹ́ dókítà ẹran ni Coombs kọ́ ní Edinburgh o. Inú mi dùn nígbà tí mo gbọ́ ìyẹn, torí pé ọ̀pọ̀ èèyàn níbí ṣì ń wo dókítà ẹran bíi pé iṣẹ́ ẹ̀ ò tó nǹkan.

Wàyí o, kí ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀? Nílẹ̀ òyìnbó, lọ́pọ̀ ìgbà wọn ò ní rí ìdí kankan, á kàn ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ ni, pàápàá lára irú ajá bíi Cocker Spaniel. Níbí yìí, ẹ kọ́kọ́ wá eégbọn. Eégbọn ló ń gbé Babesia wọ ara ajá, kòkòrò tín-ín-ń-tín tó ń gbé nínú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa. Oríṣi kan wà tó ń jẹ́ Babesia rossi, tí wọ́n ti rí lára ajá ní Nàìjíríà, tó burú ju àwọn yòókù lọ, ó sì mọ bí wọ́n ṣe ń tanná ran irú ìjà ara yìí. Wọ́n rí Babesia nínú ẹ̀jẹ̀ Tanímọ̀la. Wọ́n gún un ní imidocarb, abẹ́rẹ́ tó máa ń dun ajá gan-an, tó sì máa ń jẹ́ kó da itọ́, ìyẹn ni wọ́n ṣe kọ́kọ́ gún un ní atropine, wọ́n sì ní ó máa gba ìkejì lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Wọ́n fi doxycycline kún un nítorí Ehrlichia, kòkòrò míì tí eégbọn máa ń gbé, torí eégbọn kan náà lè kó méjèèjì wá.

A wá rò pé ó parí. Wọ́n wo ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ padà, wọn ò rí Babesia mọ́, PCV ṣì ń wálẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà tí wọ́n bá ti pa kòkòrò, ara á balẹ̀ fúnra ẹ̀, àmọ́ ti Tanímọ̀la ò balẹ̀, ìjà náà ti kọjá kòkòrò. Dókítà ní oògùn tó máa mú ọmọ ogun ara rọlẹ̀ ló kù. Mo bi í pé ṣé ajá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ní àrùn lára la fẹ́ já ohun ìjà gbà lọ́wọ́ ara ẹ̀. Ó ní ìbéèrè tó yẹ kéèyàn béèrè nìyẹn, mà, ìdí sì nìyẹn tí àwọn fi kọ́kọ́ pa kòkòrò. Mo fẹ́ràn dókítà tó bá lè dáhùn báyẹn láì kanra.

Kí oògùn tó lè ṣiṣẹ́ ó nílò ẹ̀jẹ̀. Kì í ṣe nọ́ńbà PCV nìkan ni wọ́n fi ń pinnu ẹ̀, bí ajá ṣe ń mí àti bí àyà ẹ̀ ṣe ń lù ni, torí ajá kan lè wà ní 15 kó ṣì dúró, òmíì á ti dákú. Ti Tanímọ̀la ti dé 11, kò lè gbórí sókè.

Àbúrò mi ọkùnrin tó wà ní Manchester sọ fún mi lórí fóònù pé lọ́dọ̀ àwọn, báńkì ẹ̀jẹ̀ wà fún ajá, Pet Blood Bank UK, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2007, ní Loughborough, àwọn èèyàn máa ń fà ajá wọn wá fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀, dókítà á kàn pè, wọ́n á gbé e wá. Níbí, ìwọ lo máa wá ajá tó máa fún un. Ó gbọ́dọ̀ tóbi, ó kéré tán kílò 25, kó ti lé lọ́dún kan kó má tíì dàgbà ju ọdún mẹ́jọ lọ, ara ẹ̀ gbọ́dọ̀ le, wọn ò gbọ́dọ̀ tíì fún òun náà lẹ́jẹ̀ rí, kò sì gbọdọ̀ ní Babesia lára. Èyí tó kẹ́yìn yẹn ló lé ọ̀pọ̀ lọ. Àwọn ajá tá a mú lọ, tí olówó wọn fi tọkàntọkàn yọ̀ǹda wọn, tí wọ́n ń sáré kiri tí wọ́n ń gbó, wọ́n wo ẹ̀jẹ̀ wọn, kòkòrò ti wà níbẹ̀. Bàbá Kẹ́mi ló ní Boerboel kan, Captain, akọ ńlá, ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ mọ́, PCV ẹ̀ 46. Bàbá Kẹ́mi dúró tì í, wọ́n ń fọwọ́ pa á lórí, wọ́n ń ki í, tí wọ́n fi fa ẹ̀jẹ̀ ọ̀hún láti ọrùn ẹ̀ sínú báàgì, Captain ò mira. Mi ò lè san oore yẹn tán láyé.

Wọ́n kọ́kọ́ jẹ́ kó máa kán wọlé díẹ̀díẹ̀, wọ́n ń wo tẹ́ńpéréṣọ̀ ẹ̀, wọ́n ń wò ó bóyá ó máa bì tàbí ojú ẹ̀ máa wú, kí wọ́n tó tú u sílẹ̀, gbogbo ẹ̀ ò sì gbọdọ̀ ju wákàtí mẹ́rin lọ. Ajá kì í sábà ní ìṣòro pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ àkọ́kọ́ tí wọ́n bá fún un, ìkejì ló nílò ìṣọ́ra jù. Ẹ sì jẹ́ kó yé yín pé ẹ̀jẹ̀ ọ̀hún kò wo àìsàn náà sàn, ara á ṣì pa lára ẹ̀, àyè ló kàn ń rà fún oògùn.

Oògùn náà ni prednisolone, sítẹ́rọ́ìdì ni, tábúlẹ́ẹ̀tì kékeré tó wà ní gbogbo kẹ́mísìtì. Ní 2019, ẹgbẹ́ àwọn ọ̀gá dókítà ẹran tí wọ́n ń pè ní ACVIM kọ ìlànà jáde lórí bí wọ́n ṣe ń tọ́jú àìsàn yìí, mílígíráàmù 2 sí 3 fún kílò kan lóòjọ́ ni wọ́n sọ láti bẹ̀rẹ̀, ajá tó bá wúwo ju kílò 25 lọ kì í gba tó bẹ́ẹ̀ lórí kílò kọ̀ọ̀kan, ọ̀nà míì ni wọ́n ń gbà ṣírò ti ẹ̀. Ẹ má fi ohun tí mo kọ yìí wọn oògùn fún ajá yín o, ẹ jẹ́ kí dókítà ṣe é. Wọ́n fi azathioprine kún un, oògùn tí wọ́n ń fún àwọn èèyàn tí wọ́n pààrọ̀ kídìnrín fún, kì í tètè ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n tó bá ti wọlé wọ́n á lè dín sítẹ́rọ́ìdì kù. Ìbọ̀wọ́ ni mo fi ń mú un, mi ò fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́, mi ò sì jẹ́ kí àwọn ọmọ sún mọ́ ọn. Wọ́n máa ń yẹ ẹ̀dọ̀ àti sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun wò nítorí ẹ̀.

Oògùn kẹta wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀ pé ó ṣe pàtàkì, clopidogrel, kí ẹ̀jẹ̀ má bàa dì. Mo mọ̀ pé ó máa ń yani lẹ́nu, ajá tí ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ ò tó, kí ló tún ń dì? Ṣùgbọ́n òun ló ń pa púpọ̀ nínú wọn, pàápàá láàárín ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́. Cocker Spaniel kan wà tá a jọ máa ń pàdé ní kílíníìkì, ọmọ ilé-ìwé gíga kan ló ni ín. PCV ẹ̀ ti ń gòkè, inú wa ti ń dùn, àfi bí èémí ṣe ká a mọ́lẹ̀ lóru, ilẹ̀ ò mọ́ bá a. Ẹ̀jẹ̀ dídì ló lọ há sí ẹ̀dọ̀fóró. Ọmọ yẹn sunkún débi pé gbogbo wa sunkún. Nítorí náà, tẹ́ ẹ bá wà nínú ọ̀sẹ̀ méjì yẹn, tí ajá ṣàdédé ń já fún èémí, ẹ má dúró de àárọ̀.

Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ kan, PCV Tanímọ̀la dúró, kò gòkè, kò wálẹ̀. Dókítà ní ìyẹn gan-an làwọn ń wá. Lẹ́yìn náà ó di 19, ó di 24, èrìgì bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, ìtọ̀ mọ́. Ọjọ́ tó tún gbó èèyàn ní géètì, ọkọ mi pariwo "Ọlọ́run ṣé!" débi tí bàbá onílé fi jáde síta.

Àsìkò tó le jù lójú tèmi ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, torí ajá ti ń ṣeré, owó sì ti ń lọ, oògùn náà sì ń yọ ọ́ lẹ́nu. Omi tó ń mu lóòjọ́ tó ti agbo ilé, ó ń tọ̀ sínú ilé, ẹni tí kò jalè rí bẹ̀rẹ̀ sí í jí ẹ̀bà lórí tábìlì, ikùn ẹ̀ yọ síta, itan ẹ̀ gbẹ, àwọn ará àdúgbò ní ó ti lóyún. Gbogbo ẹ̀, prednisolone ni, ó máa ń lọ tí wọ́n bá ń dín in kù. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin bi mí pé, "Ìyá Tóbi, ṣebí ara ẹ̀ ti yá, kí lẹ ṣì ń fún un lóògùn sí?" Mo dá wọn lóhùn pé ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ajá ò mọ PCV ara ẹ̀. Wọn kì í dá sítẹ́rọ́ìdì dúró lẹ́ẹ̀kan náà, torí pé ara ti gbára lé e, kò ní lè ṣe tiẹ̀ lójú ẹsẹ̀, àìsàn sì lè padà wá. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ni pé PCV á ti dúró lókè 30 fún ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n á wá yọ bí ìdá kan nínú mẹ́rin, wọ́n á dúró bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, wọ́n á tún ẹ̀jẹ̀ wò, tó bá dúró wọ́n á tún yọ, gbogbo ẹ̀ máa ń tó oṣù mẹ́rin sí mẹ́jọ. Mo ra ìwé kékeré kan tí mo so mọ́ fìríìjì, iye oògùn, àwọ̀ èrìgì, àwọ̀ ìtọ̀, bó ṣe jẹun, gbogbo ẹ̀ ni mò ń kọ sí i láràárọ̀. Dókítà máa ń ka ìwé yẹn kó tó fọwọ́ kan ajá rárá.

Nǹkan méjì tẹ́nikẹ́ni ò gbọdọ̀ fún ajá tó wà lórí oògùn yìí: diclofenac tàbí ibuprofen, kódà tó bá ń tiro, torí pé òun àti prednisolone lè jọ lu ìfun àti ikùn ẹ̀, tẹ́ ẹ bá rí ìgbẹ́ dúdú ẹ sáré, àti ọbẹ̀ tí wọ́n gé àlùbọ́sà sí. Àlùbọ́sà fúnra ẹ̀ máa ń fọ́ sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ ajá, yálà tútù tàbí sísè, bẹ́ẹ̀ ọbẹ̀ àjẹkù la máa ń bù fún wọn ní ọ̀pọ̀ ilé. Tanímọ̀la ò jẹ ọbẹ̀ mọ́, ìrẹsì àti ẹja sísè lásán ló ń jẹ.

Ti eégbọn ni mò ń bá jà báyìí lójoojúmọ́. Etí, àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀, abẹ́ okùn ọrùn, ibẹ̀ ni wọ́n máa ń sá sí. Eégbọn pupa yìí máa ń gun ògiri, ó ń yé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹyin sínú ibi tí ògiri bá ti sán, nítorí náà tẹ́ ẹ bá fín ajá nìkan lóògùn tẹ́ ẹ fi ilé ajá sílẹ̀, wọ́n á padà. A fi sìmẹ́ńtì dí gbogbo ibi tó sán nínú ilé ẹ̀, a ń fín in, ó sì ń jẹ tábúlẹ́ẹ̀tì fluralaner tó máa ń ṣiṣẹ́ tó oṣù mẹ́ta. Ó wọ́n, àmọ́ kò wọ́n tó ọ̀sẹ̀ kan àìsàn yẹn.

Ó ti kúrò lórí gbogbo oògùn ẹ̀jẹ̀, PCV ẹ̀ tí wọ́n wò kẹ́yìn jẹ́ 41, wọ́n sì ní ká máa mú un wá lóòrèkóòrè torí àwọn kan máa ń ní in padà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Ìbàdàn, hòsìpítù ẹran ti Yunifásítì Ìbàdàn wà, Abẹ́òkúta náà ní ti FUNAAB, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ ibẹ̀, tí kílíníìkì àdúgbò yín ò bá ní máíkírósíkóòpù. Ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ àjẹsára ló kù tá a ń rò, torí wọ́n ń fura pé ó lè jí ìjà yẹn dìde lára àwọn ajá kan, àmọ́ digbòlugi kì í ṣe nǹkan tá a lè fi ṣeré nílẹ̀ yìí. Òun nìkan ni wọ́n kọ́kọ́ gún un, lẹ́yìn tí wọ́n ti wo ẹ̀jẹ̀ ẹ̀, wọ́n tún wò ó lẹ́yìn ẹ̀, ó dúró. Àwọn yòókù, èmi àti dókítà ṣì ń sọ ọ́.